Bọ́tìnnì Lẹ́tà Ìfẹ́

“Kíbọọ̀dù kò jẹ̀bi, èmi òmùgọ̀ yìí ni!” ni ìyá àgbà kan, akọ̀wé tó ń bá àwọn èèyàn kọ lẹ́tà, ń pariwo sí Yaretzi, ọmọ-ọmọ rẹ̀, lórí fóònù. “Ká ní inú ìdí lọgbọ́n ń gbé ni, ǹ bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.”

Yaretzi ló fọwọ́ ara rẹ̀ to kíbọọ̀dù náà fún un. Ó ní kí ìyá àgbà dúró de òun kó tó yí ètò inú rẹ̀ padà. Ṣé ìyá àgbà dúró ni? Ó fi píìnì irun tẹ ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ó da ètò tuntun sí i: bọ́tìnnì kan fún odindi lẹ́tà ìfẹ́, ìkejì fún lẹ́tà ìkìlọ̀ sí aládùúgbò oníjàngbọ̀n.

“Ìfẹ́ ni mo tẹ̀, ìkìlọ̀ ló jáde!”

Don Eleuterio, atúnaagoṣe tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ti mú ìwé náà lórí tábìlì ìyá àgbà lábẹ́ àwọn òpó gbàgede Santo Domingo, níbi tí àwọn akọ̀wé máa ń jókòó sí. Ọdún méjì ló ti ń wá ní kí ìyá àgbà bá òun kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí obìnrin kan tí kò dárúkọ, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kó fi ọ̀kankan ránṣẹ́ rí. Ó kà á sókè:

“‘Sùúrù mi ti tán. Bí n kò bá gbọ́ èsì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èmi fúnra mi á wá kan ilẹ̀kùn yín.’”

“Ẹ jẹ́ n fà á ya! Obìnrin wo ló máa gba irú èyí?”

“Ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí lágbára ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Don Eleuterio gba bírò, ó kọ orúkọ obìnrin náà sókè, ó sì ti ìwé náà síwájú akọ̀wé. Orúkọ akọ̀wé ló wà níbẹ̀.

Ó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀.

“Ọjọ́ mẹ́ta lẹ kọ síbẹ̀ o, doña.”