Akọ Ahun Tí Káfíńtà Gbé Lójú Títì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sọ pé ó ti yé yín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń sin ohun ẹlẹ́mìí nílé.

1.

Tíṣà kan wà tó ń sin ahun odò. Kì í fi wọ́n ṣòwò, ó kàn fẹ́ràn wọn ni. Ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ, òfin ibẹ̀ sì rọrùn: èyí tí wọ́n bí sínú ilé nìkan ni èèyàn lè sìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé tinú odò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Mẹ́jọ ni tirẹ̀, nínú adágún sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Àgbà wọn ni Àǹtí. Bàbá tíṣà ló fún un ní Àǹtí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ti jọ wà fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí Àǹtí bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, á na ọrùn.

Tíṣà ní ìlànà kan tí kì í fi ṣeré. Ahun tuntun gbọ́dọ̀ dá wà nínú bàsíà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, nítorí àìsàn. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyáa wọn, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta? Kí ni wọ́n jí?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n, Bàbáa wọn. Ìyẹn sàn ju ká máa sin òkú lọ."

2.

Káfíńtà yìí kò ka ahun sí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ lọ́dún kan, àwọn ọmọ Àǹtí gba ipò kìíní níbi ìpàtẹ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ahun, òun ló sì gbé ife ẹ̀yẹ ya fọ́tò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yan kiri. Ẹ ó rò pé òun ló yé ẹyin náà.

Nígbà tó yá, akọ wọn kú, ẹyin Àǹtí kò sì pa mọ́. Tíṣà kọ̀wé sí ẹgbẹ́ fún akọ mìíràn. Wọ́n ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀, ó ní kò burú. Ọkọ rẹ̀ ni ara kò gbà á, nítorí ìpàtẹ ti ń sún mọ́lé.

3.

Tíṣà lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn tí òjò dá, káfíńtà rí akọ ahun ńlá kan tó ń sọdá títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe: gbé e dé ibi tó dorí kọ, kí o máa bá tìrẹ lọ. Káfíńtà gbé e sínú àpótí irinṣẹ́, sáàárín òòlù àti ìṣó.

"Èmi kọ́ ni mo lọ sódò," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Òun ló wá pàdé mi."

Ẹ gbọ́ àwáwí! Ó gbé e sínú adágún lójú ẹsẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n ti bí i. Ohun kan náà ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Ṣé ẹ ti fi í sínú bàsíà?"

"Ibẹ̀ ló wà."

Àárọ̀ ọjọ́ tí tíṣà ń bọ̀ ló tó sáré gbé e sínú bàsíà.

4.

Kò pẹ́ tí tíṣà dé ni Àǹtí kọ oúnjẹ. Ojú rẹ̀ wú, ìfófòó ń jáde nímú rẹ̀. Tọkọtaya gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

"Ṣé ahun tuntun kankan ti dé àárín wọn?" dókítà béèrè.

"Rárá o," tíṣà dáhùn. "Ọ̀kan wà nílé, ṣùgbọ́n inú bàsíà ló wà látìgbà tó ti dé. Àbí, Bàbáa wọn?"

Káfíńtà ń wo ilẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Dókítà ní ó jọ pé òtútù ló mú un. Ó fún wọn ní oògùn òtútù, ó ní kí omi rẹ̀ máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ kan péré ni ọkùnrin yìí ì bá sọ lọ́jọ́ náà. Ìtìjú ò jẹ́ kó sọ ọ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

5.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje lẹ́yìn ìyẹn, ahun kékeré méjì ti kú. Ìgbà náà ni káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná, tó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Tíṣà kò pariwo. Ó gbé fóònù, ó pe dókítà.

"Ká ní mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni," dókítà sọ, "oògùn mìíràn ni ǹ bá lò, ǹ bá sì ní kí ẹ ya gbogbo wọn sọ́tọ̀."

Àǹtí kú láàárọ̀ Ọjọ́rú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, méjì péré ló kù nínú adágún.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sọ ọ́ fún ọ́fíìsì ìjọba, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìwé àṣẹ. Wọ́n wá, wọ́n gba ìwé àṣẹ, wọ́n kó méjì tó kù, wọ́n sì gbé akọ náà lọ. Nǹkan kan kò ṣe òun fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló gbé àìsàn wá. Àmọ́ kò lè padà sódò rẹ̀ mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òun náà ti kó nínú adágún.

"Ìyáa wọn, dárí jì mí," ọkọ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

"Pé ẹ gbé e wálé, mo lè gbàgbé ìyẹn," tíṣà sọ. "Àmọ́ níwájú dókítà, Àǹtí wà lọ́wọ́ mi, ó ṣì ń mí. Mo bi yín. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń kìlọ̀ o. Bí òfin bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Ohun tó ń sọdá títì ní ibi tó ń lọ, kì í ṣe ilé yín. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìjẹ́wọ́ ṣì lè gba ẹ̀mí là. Àwọn àgbà ò parọ́ nígbà tí wọ́n ní: ojúkòkòrò baba olè, ọ̀kánjúwà baba àrùn.