Yìnyín Inú Fíríìsà Àǹtí

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kó gbogbo ẹran inú fíríìsà sílẹ̀ nílé àǹtí rẹ̀ nílùú Redan ní Amẹ́ríkà, kò rí yìnyín tó gbé wá láti orí òkè ní Alaska.

"Àǹtí Monísọ́lá, yìnyín mi dà?"

"A ti mu ún níbi àdúrà àárọ̀. Ṣebí o ní ó ti wà kí wọ́n tó bí Jésù? Omi tí ẹ̀ṣẹ̀ wa ò tíì kàn!"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà figbe ta. "Ìgbẹ́ àgbọ̀nrín ló wà nínú ẹ̀, Àǹtí! Òun ni mo fẹ́ fi ṣèwádìí."

"Ẹ̀gbin!" Àǹtí tutọ́ sínú síǹkì, ó ń fi aṣọ nu ahọ́n. "Ó dáa, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Padà lọ bu òmíràn."

"Agbè gan-an ló fọ́. Yìnyín ibẹ̀ ti yọ́, òkúta lásán ló kù. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta mi nìyẹn."

Fóònù Àǹtí dún. Ìyá àdúrà kan ló ń pariwo: "Monísọ́lá, omi yẹn lágbára o! Mi ò tíì kúrò ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀, gbogbo májèlé inú mi ló ń jáde. Fi díẹ̀ pamọ́ fún mi!"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà gba fóònù.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ó ti tán láyé."