Ìyá Fisáyọ̀mi Lọ Wo Ẹgbẹ́ Onírọ́ọ̀kì

Iwájú pátápátá ni Ìyá Fisáyọ̀mi dúró sí nínú gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Ogbó, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó wọ dúdú látòkè délẹ̀.

Orí fóònù ló ti ń gbọ́ orin ẹgbẹ́ onírọ́ọ̀kì yìí. Òní ló máa kọ́kọ́ fojú rí wọn.

Bó tilẹ̀ rí wọn, kò lè mọ̀ wọ́n. Ẹfun àti èédú ni wọ́n fi kun ojú.

Gìtá ń ké, ilẹ̀ ń mì tìtì.

Olórin wọn figbe ta. Màmá náà figbe ta.

"Ọkùnrin tó lóhùn nìyí!" ló ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Olórin sáré wá sí etí ìtàgé. Ó rí màmá. Ó dá orin dúró.

Ó taari gìtá sẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Èrò hó yèè. Wọ́n rò pé ara eré ni, làwọn náà bá ń dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà," ló sọ jẹ́jẹ́ sínú máìkì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn jẹ́jẹ́ yìí náà ló kí màmá nínú pálọ̀ rẹ̀, kí màmá tó lé olórin yìí padà, pé òun ò lè fi Fisáyọ̀mi fún ọkùnrin tí kò lè gbóhùn sókè.

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Dìde, àna mi. Orin yẹn ò tíì parí."