Ẹ̀rù Gidi Ni Gbọ́lágadé Ń Wá fún Fíìmù Rẹ̀

Ẹ má fi ìka tì í kọjá o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, tí ẹ bá sì ní àbúrò tó máa ń gbé fóònù sókè ya gbogbo ohun tó bá ti rí, ẹ pè é kó wá jókòó tì yín.

1.
Kílóòsì kan, àdúgbò kékeré onígéètì, ní Fẹ́sítákì l'Ékòó ni Gbọ́lágadé ń gbé. Ó ti jáde ilé-ìwé girama, ó ń dúró de yunifásítì. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Alákijà ló ti rí fíìmù náà: ìtàn àwọn apààyàn tó ń gbowó iṣẹ́. Ẹ̀yin ará, fíìmù náà dùn! Kò sí àyè láti mí. Ọkọ̀ ń fò, gíláàsì ń fọ́, ọta ìbọn ń rọ̀ bí òjò, síbẹ̀ ẹ̀rín ni èèyàn ń rín. Apààyàn kan wà níbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ pè é láàárín ìjà. Ó ń fi ọwọ́ kan yìnbọn, ó fi ìkejì gbé fóònù sétí: "Ẹ̀wà ni kóo sè. Má fi ata púpọ̀ sí i o." Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé abẹ kúrò lórí oníbàárà.

Ẹni tó bá ṣubú nínú fíìmù yẹn, kò sí ẹni tó ń sunkún rẹ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, ẹlòmíràn ti dápàárá. Gbọ́lágadé wò ó títí ó fi mọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sórí. Ó ní òun náà máa ṣe tòun, kí ayé lè mọ orúkọ òun.

2.
Tawheed, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló máa ṣe apààyàn. Wọ́n ra ìbọn ìṣeré, wọ́n fi pólíìṣì bàtà pa á dúdú. Hidaayah, àbúrò Tawheed, ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà.

"Bọ̀dá Gbọ́lágadé, ṣé ẹ ti sọ fún Dádì Olúgbóyèga?"

Dádì Olúgbóyèga ni alága kílóòsì, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí àwọn adigunjalè ti wọlé bá wọn lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti ṣòfin: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tó máa pariwo, kó sọ fún alága, kí alága sọ fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá sì rí ohun tí kò yé e, kó fi irin lu géètì. Kílóòsì tó bá gbọ́ á lu tiwọn, àwọn ọkùnrin á tú jáde.

"Tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín," ni Gbọ́lágadé wí. "Ojú tí ẹ̀rù bà lóòótọ́ ni mo fẹ́ yà."

"Ẹ̀rù ta ni?"

"Hidaayah, lọ wo ìkòkò yín lórí iná."

Tawheed ń yí ìbọn náà lọ́wọ́. "Gbọ́lá, àbí ká sọ fún wọn?"

"Ojo! Apààyàn tó ń gbàṣẹ lọ́wọ́ alága kílóòsì!"

Tawheed rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ki ìbọn náà bọ àpò.

3.
Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Gbọ́lágadé fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé fóònù sókè. Tawheed fi fìlà bo gbogbo ojú, ó fo géètì wọlé, ó na ìbọn. Màmá Rosaline, opó tó ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé rẹ̀, gbójú sókè. Àwo ẹ̀gúsí dà nù. Kò pariwo. Ètè rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà ló sáré mú irin. Gbà! Gbà! Gbà!

"Áà, ìyá yìí mọ̀ ọ́n ṣe!" Gbọ́lágadé ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ̀.

Kílóòsì kejì dáhùn. Ìkẹta dáhùn. Àwọn mẹkáníìkì rọ́ wọlé láti ọ̀nà Kuje tó wà nítòsí wọn pẹ̀lú igi àti sípánà. Kí Tawheed tó yọ fìlà, wọ́n ti dà bò ó.

"Eré ni! Ẹ jọ̀ọ́, eré ni!"

"Gbogbo olè ló ń ṣeré! Ẹ wá táyà wá!"

Gbọ́lágadé ṣì ń yà á, àfi ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ tó gba inú fìlà jáde. Kò sí ẹni tó dápàárá. Ó ki fóònù bọ àpò, ó sáré wọ àárín wọn, ó sùn lé Tawheed lórí.

"Èmi ni mo rán an! Èmi ni kẹ́ ẹ lù!"

Wọ́n sì lu òun náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ dá.

Màmá Rosaline tó lu géètì ọ̀hún náà ló ti àwọn ọkùnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa fìlà yẹn kúrò.

"Ẹ dúró! Tawheed ọmọ Rùkáyátù nì yí! Ọmọ tó ń bá mi pọnmi nì yí! Ẹ fẹ́ pa á fún mi ni?"

Ó na ọwọ́ méjèèjì bò wọ́n bí adìyẹ tó ràdọ̀ bo ọmọ. Igi ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

4.
Eyín iwájú Tawheed ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ wà. Alhaji Ṣàmsúdéènì, bàbá rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mazamaza sáré dé ọsibítù. Hidaayah ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Gbọ́lágadé, ojú tí ẹ̀rù bà lo fẹ́ yà, àbí? Wo tèmi."

Gbọ́lágadé dọ̀bálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọbáfẹ́mi, ojúgbà rẹ̀, pè é: "Wọ́n ní fídíò ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ! Gbé e síta jàre! Gbogbo ayé á mọ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí!"

Ẹ gbọ́, ohun tó ti ń wá gan-an nìyẹn. Ó tẹ fídíò náà. Ó rí ètè Màmá Rosaline tó ń gbọ̀n, ó sì gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ lórí ìró irin. Ó pa á rẹ́.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jiná, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Ìyá fà á dìde.

"Ṣé o ṣì fẹ́ ṣe fíìmù ẹ?"

"Rárá o, mà."

"Èé ti ṣe? Lọ sọ fún alága. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó ṣe apààyàn."

Dádì Olúgbóyèga kéde rẹ̀ láti ilé dé ilé. Màmá Rosaline wọ dúdú látòkè délẹ̀, ó fi ọmọrogùn lé Gbọ́lágadé yí kílóòsì ká, Tawheed ń yà wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín tòun ti àlàfo eyín. Èèyàn tó wo fíìmù náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n àyà ẹnì kankan ò já.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, fíìmù ìjà dùn. Ẹ wò ó, ẹ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣubú níbẹ̀ mọ̀ pé eré ni, á dìde lọ jẹun. Aládùúgbò yín kò mọ̀. Ẹ má fi ìpayà ẹlòmíràn wá ẹ̀rín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń yára gbé igi, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ẹni náà wò, kẹ́ ẹ lè mọ ọmọ ẹni tí ẹ ń lù. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.