Ọwọ́ Tó Sọ Ohun Tí Ẹnu Pásítọ̀ Kò Sọ

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì o. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí a fi iṣẹ́ Olúwa lé lọ́wọ́, tí ẹ ń rò pé ẹnìkan fẹ́ gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.

1.
Ní ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún, ìjọ kan wà ní Ajégúnlẹ̀ tó ní ẹgbẹ́ àwọn adití. Nǹkan bí ogún ni wọ́n. Arákùnrin Adékàmbí, akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá, ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásítọ̀, tó ń fi ọwọ́ sọ ìwàásù fún wọn. Bí kò bá gbé ọwọ́ sókè, ìwàásù ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn mẹ́fà yọ̀ǹda ara wọn láti ràn án lọ́wọ́. Pásítọ̀ ní kó kọ́ wọn ní èdè ọwọ́. Ọdún méjì kọjá, "ẹ káàbọ̀" àti "ẹ jókòó" nìkan ni márùn-ún nínú wọn mọ̀. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó fẹ́ kí òun nìkan jẹ́ ìlẹ̀kùn, kì í fún ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹni kẹfà, Sístà Onome, kò dúró dè é. Ọ̀dọ̀ àwọn adití fúnra wọn ló ti lọ kọ́ ọ, nínú yàrá wọn, nídìí ẹja tí wọ́n ń yan. Òun ló mú wọn lọ sí Warehouse Road tó kọ́ wọn pé apá òsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò báyìí kí wọ́n tó sọdá. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú.

2.
Pásítọ̀ wá kéde pé ní ọjọ́ Àjíǹde, òun yóò gbé ọwọ́ lé ẹni tí yóò di olórí iṣẹ́ adití. Ọjọ́ náà ni ìfura wọ Adékàmbí lára. Ó pe Martins, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn, ó ní, "Máa bá mi ṣọ́ Onome." Ó pe Tinú, òun náà ọ̀kan nínú wọn, ó ní, "Máa bá mi ṣọ́ Martins."

Lọ́jọ́ kan, ó bá Onome àti Ngozi adití tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn yá ju ohun tí ojú rẹ̀ lè bá lọ.

"Kí lẹ ń sọ nípa mi?"

"Nípa yín kẹ̀, Bùrọ̀dá? Ngozi ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sá ni."

"Ewúrẹ́! Ṣé èmi ni ewúrẹ́ tó ń na ìka sí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bùrọ̀dá, ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Ó yíjú padà. Ewúrẹ́ náà ló dúró yẹn, tó ń jẹ ọ̀rá búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ lọ́kàn ara rẹ̀: "Ṣe ni wọ́n ti múra irọ́ sílẹ̀ dè mí."

3.
Ọjọ́ ìsinmi kan, ó ní kí Onome lọ bójú tó àwọn ọmọdé ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù: "Ẹ máa ru ẹrù ara yín!"

Ọwọ́ Adékàmbí sọ pé: "Pásítọ̀ ní kí ẹ ṣọ́ra fún Onome. Ó ń tú àṣírí yín fún àwọn tí kì í ṣe adití, wọ́n sì ń fi yín rẹ́rìn-ín."

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ ké. Àwọn adití wẹ̀yìn, wọ́n rí ẹnu gbogbo ìjọ tó là gbàgà. Wọ́n gbà pé gbogbo ilé Ọlọ́run ló fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi bẹ̀rù Ọlọ́run!

4.
Adití tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, ojú ló máa ń dì. Bí Onome bá ti gbé ọwọ́ sókè, wọn a dijú mọ́ ọn.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe wọ́n?"

"Má bi mí. Bi ẹ̀rí ọkàn rẹ."

Kò pé oṣù kan tí Onome fi di ẹrù rẹ̀ lọ sílé wọn ní Sapele. Adékàmbí gbààwẹ̀ ọpẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e. Àlíù, ọmọ Ìsẹ́yìn kan láàárín àwọn adití, kì í wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́; ẹnu pásítọ̀ ló ń tẹjú mọ́. Adékàmbí mú un kúrò lọ́kàn: "Mùsùlùmí ni. Ó kàn ń wá síbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ni, kò wá Jésù." Ẹni tó fura sí gbogbo ayé kò fura sí ẹni tó yẹ.

5.
Ọjọ́ Àjíǹde dé. Adékàmbí wọ kóòtù tuntun. Kí ó tó gbé ọwọ́ lé e, pásítọ̀ ní, "A dúpẹ́ fún Sístà Onome tó ti lọ. Iṣẹ́ ìfẹ́ ló ṣe láàárín wa."

Ọwọ́ Adékàmbí ní: "Ẹ̀ṣẹ̀ ló lé e lọ."

"Irọ́ ni!"

Gbogbo ènìyàn ta gìrì. Àlíù ló dìde. Wọ́ọ̀fù, ní èbúté, ló ti ń ṣiṣẹ́ kí ibà tó gba etí rẹ̀, nígbà tó ti dàgbà; nítorí náà ó ṣì lè sọ̀rọ̀, ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ láti ara ètè. Ohùn rẹ̀ le gbandi. Nítorí yẹ̀yẹ́ àwọn èèyàn ló fi pa ẹnu mọ́ fún ọdún mẹ́jọ.

"Pásítọ̀, ẹnu yín sọ pé iṣẹ́ ìfẹ́ ni. Ọwọ́ ọkùnrin yìí sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà yẹn mo rò pé ojú mi ló tàn mí. Lónìí, mo rí i dáadáa!"

"Adékàmbí, kí ni ọwọ́ rẹ sọ?" ni pásítọ̀ bi í.

Àlíù yí sí àwọn adití, ó fi ọwọ́ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Adékàmbí sáré gbé ọwọ́ sókè láti bẹ̀ wọ́n. Ngozi ló kọ́kọ́ dijú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dijú, ogún ènìyàn. Ó ń ju ọwọ́, ó ń sunkún. Kò sí ojú kan tó là sí i.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Onome. Ó ní òun ti dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n òun ò ní padà. Àlíù ń gbìyànjú, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń rí mú lẹ́nu pásítọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni bẹ́ǹṣì àwọn adití ṣófo. Adékàmbí sì wà níbẹ̀ títí di òní, lẹ́yìn pátápátá, ó fi itan tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, iṣẹ́ Ọlọ́run kì í ṣe ogún bàbá rẹ. Kọ́ ẹlòmíì. Má fi àṣẹ tí a fún ọ ba ẹlòmíì jẹ́ níbi tí kò ti lè gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tó dá ojú ń wò ọ́.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.