Kabúrétọ̀ Méjì Lára Pijó Dorothy

Kò sí ẹni tí Mùsúdù fojú tẹ́ńbẹ́lú bí àwọn mẹkáníìkì tó ń fi géèjì, irinṣẹ́ tó ń wọn atẹ́gùn, tún kabúrétọ̀ ṣe. Olórí wọn lójú ẹ̀ ni Gbọ́lágadé, ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó gba fíríìdọ̀ọ̀mù tán, tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sí Alákijà, tó sì wá ń kó oníbàárà ọ̀gá ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

“Ọ̀pá afọ́jú ni géèjì,” ni Mùsúdù máa ń wí.

Ọ̀nà tiẹ̀ ò ní wàhálà. Kabúrétọ̀ ló ń po atẹ́gùn mọ́ epo fún ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó bá ní méjì, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa mí bákan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa húkọ́. Mùsúdù á ki orí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ etí. Toyibat, ọmọ ẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, á gbé orí kejì sẹ́nu kabúrétọ̀ ọ̀tún, á tún gbé e sí tòsì. Bàbá á dijú, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń ṣe ṣììì wọlé, á sì ní kí Toyibat máa yí síkúrù títí ìró méjèèjì á fi dọ́gba. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, wọn kì í pẹ́ dọ́gba mọ́. Mùsúdù gbà pé iṣẹ́ ti wá mọ́ òun lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Síbẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ń dá páropáro. Ìdí nìyẹn tó fi sáré dìde nígbà tí Dorothy, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ní Festac, wa Pijó 504 ẹ̀ wọlé, tó ní òun fẹ́ kabúrétọ̀ méjì tí á jẹ́ kó sáré bí ọkọ̀ ìdíje. Obìnrin náà ò fi bò. Tí ọkọ̀ yìí bá dáa, gbogbo ẹgbẹ́ á kó tiwọn wá. Tí kò bá dáa, Alákijà ni gbogbo wọn ń lọ. Mùsúdù mọ̀ pé tí wọ́n bá lọ Alákijà, kí òun kó irinṣẹ́ òun lọ sílé ló kù.

Òun àti Toyibat lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Trade Fair lọ ṣa kabúrétọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á, Akíntáyọ̀, ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Toyibat ló ń tún gbogbo ẹ̀ sọ.

“Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè pè é yanjú,” Mùsúdù wí. Wọ́n gbé àwọn tí ẹnu wọn fẹ̀ jù síwájú ẹ̀, ó fẹsẹ̀ tì wọ́n. “Ẹnu ńlá kọ́ ló ń yóni. Atẹ́gùn nìkan nìwọ̀nyí máa gbé mì, epo ò ní bá a.” Ó mú méjì tí ẹnu wọn ò fẹ̀ jù, ó fọwọ́ mi ọ̀pá inú wọn, kò yẹ̀. Ó sanwó, kò kí ẹnikẹ́ni.

Kò rí oorun sùn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Nílé wọn ní Raji Rasaki Estate, ó ní ariwo tiransifọ́mà ẹ̀yìn fèrèsé ò jẹ́ kí òun sinmi. Sìlífátù ìyàwó ẹ̀ ní òun ò gbọ́ ariwo kankan, pé kò tiẹ̀ síná láti ìjẹta.

“Ìwọ, kí lo ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀?” ni ọkọ ẹ̀ fi dá a lóhùn. Ó ti ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn pé kí wọ́n pààrọ̀ lúdìsípíkà, ohùn ládánì ò jáde mọ́. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó ní ọ̀lẹ ni gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa mú kabúrétọ̀ méjèèjì tí wọ́n ti dè mọ́ ọkọ̀ náà dọ́gba, Dorothy mú Gbọ́lágadé dání. Gbọ́lágadé dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sún mọ́ ọ̀gá ẹ̀, ó sì pariwo bó ṣe máa ń ṣe:

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ fi géèjì wò ó. Ẹ̀yin náà lẹ máa yí síkúrù.”

Ìwà yìí ló ń bí Mùsúdù nínú jù. Ẹni tí òun kọ́ níṣẹ́ ń pariwo mọ́ òun bí ẹni ń pèrò ní gáréèjì.

“Sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. Inú oko kọ́ la wà,” ó wí. “Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Gbé géèjì ẹ sápò.”

Gbọ́lágadé wo Toyibat. Toyibat wolẹ̀.

Dorothy wọ inú ọkọ̀, ó ṣíná. Mùsúdù ki rọ́bà bọ etí, ó dijú, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọkọ̀. Ṣììì dé láti ọ̀tún. Ó mi orí, kí Toyibat lọ sí òsì. Ṣììì kan náà. Ó ní kó dá a padà sí ọ̀tún. Ìró náà ò yí padà. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń rí àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ Dorothy lọ́kàn, bí wọ́n ṣe tò dé ẹnu géètì. Kò tiẹ̀ tíì lajú tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

“Màdáámù, ẹ fetí sí i. Ó ń mí bí ọmọ tó sùn. Ọ̀tún bí òsì, kò sí èyí tó ju ìkejì lọ. Gbọ́lágadé, ṣé géèjì ẹ lè gbọ́ ìyẹn?”

Gbọ́lágadé ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Mùsúdù rò pé ojú ló ń tì í, ó rẹ́rìn-ín ìyangàn, ó sì tẹ rọ́bà mọ́ etí kó lè gbádùn ṣììì náà sí i.

Dorothy ti pa ọkọ̀, ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti ń húkọ́, kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn, orí kejì rọ́bà náà sì wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Toyibat, kò kan kabúrétọ̀ kankan, ṣììì náà ò sì dákẹ́ létí bàbá.