Ẹ́ńjìnì Tí Dorcas Fẹ́

Ní ọdún 1988, Ògúndìran alágbẹ̀dẹ fi páìpù kọ́ egungun mọ́tò kékeré kan síwájú ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó fúyẹ́ débi pé ènìyàn méjì lè gbé e. Àga méjì wà nínú rẹ̀, ti òun àti ti Dorcas ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú àga kékeré kan láàárín. Ẹ́ńjìnì ló kù, ó sì ní ti alùpùpù lòun máa fi sí i.

Gbogbo ẹni tó bá bi í léèrè ló ń sọ fún pé nítorí Dorcas ni. Ojú Dorcas ti fọ́ láti kékeré. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Iresa, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ẹni tó ń mú un lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ mọ́ láti ìgbà òjò èṣí. Alùpùpù ló ń dé abúlé náà, Dorcas kò sì ní gun alùpùpù.

Mátíù, mẹkáníìkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ògúndìran, ló mọ̀ nípa ẹ́ńjìnì. Ó ní ẹ́ńjìnì alùpùpù ọgọ́rùn-ún sísì (100cc) kò ní lè fa ènìyàn méjì gun òkè, pé kí wọ́n wá ti igba. Ó ní kì í rìn sẹ́yìn bíi ti mọ́tò, atẹ́gùn ló sì ń tù ú, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ bò ó pa. Lẹ́yìn náà ó rọra ní bóyá kí wọ́n yọ àga kékeré yẹn, kó lè túbọ̀ fúyẹ́. Ògúndìran mi orí sí gbogbo rẹ̀. Kò yọ àga náà.

Wọ́n wá ẹ́ńjìnì káàkiri Ọ̀yọ́ títí. Ìgbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Dorcas ń bá wọn lọ. Ògúndìran kì í wo ẹ́ńjìnì tí wọ́n bá ti yọ sílẹ̀. Ó ní èyí tó ṣì wà lára alùpùpù, tó ṣì ń rìn, ni kí wọ́n mú wá, pé ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń rìn ló ń sọ òtítọ́. Yóò mú Dorcas dúró sẹ́bàá ọ̀nà, yóò ní kó kẹ̀yìn sí i, yóò sì bẹ ẹni tó ni alùpùpù pé kó gùn ún kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Dorcas á tẹ́tí. Á ní kì í ṣe èyí.

Iṣẹ́ dé láti Iresa pé ìyá náà kò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Mátíù ní kí Ògúndìran gba takisí, kó mú ìyàwó rẹ̀ lọ kí ó tó pẹ́ jù. Dorcas ló dáhùn. Ó ní òun kò ní gba ọ̀nà yẹn títí àwọn á fi rí ẹ́ńjìnì.

Ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n rí alùpùpù igba kan tí ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Mátíù fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Dorcas ní rárá.

"Ìyàwó wa," ni Mátíù wí, "ṣé mọ́tò lo fẹ́ wọ̀ ni, àbí akọrin lò ń wá fún ìjọ yín?"

"Ẹni tó máa jókòó tì í ló máa gbọ́ ọ," ni Ògúndìran fèsì.

Ẹni tó fẹ́ ta igba náà bínú, ó ní kí wọ́n lọ wo ti Àkànjí tó ń ta pákó, tó ní ọ̀kan tí kì í gùn mọ́. Ẹ̀yìnkùlé Àkànjí ló wà, lábẹ́ páànù. Ẹ́ńjìnì ọgọ́rùn-ún ni. Gbogbo ara rẹ̀ ti dípẹtà, àfi iná iwájú tó jẹ́ tuntun. Àkànjí ní kò sí nǹkan tó ṣe é, alùpùpù ló kàn sú òun láti ìgbà òjò èṣí. Ó fi ẹsẹ̀ ta á títí tó fi dáhùn. Ó ń ró bí ẹni ń fi ṣíbí lu ìkòkò, bí ó bá sì ti dẹwọ́, á wúkọ́.

Mátíù tutọ́ sílẹ̀.

Àkànjí gùn ún kọjá lẹ́yìn Dorcas. Dorcas kò mira. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló nà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì di afẹ́fẹ́ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gùn kọjá."

Àkànjí tún un gùn.

"Èyí ni mo fẹ́," ni Dorcas wí.

Mátíù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òkè àti ẹrù fún Ògúndìran lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n Ògúndìran kò gbọ́ tirẹ̀. Irin kékeré kan ló mú jáde nínú àpò. Ó sọ fún Àkànjí pé irin olè kì í wọ ilé àgbẹ̀dẹ àwọn, pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta irin fún àwọn gbọ́dọ̀ fi ahọ́n kan èyí, kó sì búra.

Àkànjí rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé Ògún ni wọ́n bí òun náà sí, kí ni òun fẹ́ bẹ̀rù? Ó gba irin náà, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì nù ún.

"Ẹ ò yá ẹnikẹ́ni rí?" ni Dorcas bi í. "Àbúrò yín ńkọ́? Ọ̀rẹ́?"

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ẹrù olè." Ó fi ahọ́n kan irin. "Tuntun ni mo rà á. Láti ọjọ́ náà, èmi nìkan ni mo ń gùn ún. Bí mo bá purọ́, kí Ògún bi mí."

Mátíù mí kanlẹ̀, ó mú sípánà jáde, ó sì bi wọ́n pé ibo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Gbé e sílẹ̀, Mátíù," ni Ògúndìran wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Àkànjí tó ṣì di irin náà mú, "kò sí mọ́tò tí a fẹ́ kọ́; alùpùpù tó gbá Ìtẹ́olúwa ọmọ wa pa, níbi tó ti ń mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí Iresa, kò dúró, ohùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ nìkan ni ìyá rẹ̀ sì gbọ́."